Ẹni Tó Bá Wa Gba Àyè Létí Odò

"Mọ́mì, ta ni ọmọ tó jókòó sórí ẹní wa létí odò?"

Destiny, ọmọ mi ọdún mẹ́fà, ló béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́ òní. Èmi àti Ernest, bàbá rẹ̀, wo ara wa. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó dé etí odò ọ̀hún rí.

Ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ lọ. Ibùdó kékeré kan wà lápá Ayewa, tí èèyàn lè pàgọ́ sí létí odò kó sùn mọ́jú. Àyè mẹ́fà péré ni. Wọn kì í fi àyè pamọ́ de ẹnikẹ́ni; ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Mo ti di iṣu, epo, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti oògùn ibà, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí àyè. Ni mo bá ṣe bí a ti ń ṣe nídìí ẹ̀rọ omi ní Kàbà níbí: bí ọwọ́ rẹ bá dí, gbé korobá rẹ sórí ìlà, korobá ti dúró fún ọ nìyẹn. Mo fi ẹní rán Moses ọlọ́kadà lánàá. Kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e, mo ní kó fi bàtà Destiny tó ti fún un lẹ́sẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

A ò tíì palẹ̀ àwo mọ́ tí Bàbá Láwọ̀yín, tó ń tọ́jú ibẹ̀, fi pè mí lórí fóònù.

"Okun o, Ìyá Destiny. Ẹ mà le o! Ẹ rán ọmọ ṣáájú, ẹ ò di oúnjẹ fún un?"

"Ọmọ wo, Bàbá?"

"Èyí tó wọ bàtà orí ẹní yìí. Ó ní òun ń bá yín gba àyè. Mo fún un níṣu, kò jẹ."

"Destiny nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń ṣàn. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Òkúta là ń fi gba àyè níhìn-ín, ìyàwó wa. A kì í fi ohun tó ti mọ ara èèyàn gbà á. Bí ẹ bá mú ọmọ yín wá bá a lórí ẹní yìí, ọ̀kan péré nínú àwọn méjèèjì lẹ máa mú délé. Ẹ fi ẹnu ara yín yọ̀ǹda àyè náà."

Ernest rẹ́rìn-ín pé ẹmu ló ń ṣe bàbá. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí ọmọ.

Mo sún ẹnu mọ́ fóònù. "A ti yọ̀ǹda àyè wa. A ò wá mọ́. Ọmọ mi, o ṣeun. Dìde."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń ká ẹní. Lẹ́yìn náà Bàbá ní, "Ó ti ń lọ. Ọ̀nà Kàbà ló dorí kọ."

Destiny ò sunkún ìrìn àjò tó bàjẹ́. Nígbà tí mo ń daṣọ bò ó, ó kàn béèrè pé, "Ibo ló máa wá sùn?"

Mo ro ó títí. Ọmọ tó báni gba àyè, tí a sì ní kó dìde, a ò lè ní kó tún lọ tò sórí ìlà. Mo tẹ́ ẹní mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo gbé òkúta kan lé e, kí ẹlòmíràn má baà gbà á.

Ernest ti ń han-run. Destiny ti sùn. Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ, mo gbọ́ tí ẹnì kan rọra bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Nígbà tí mo gbójú sókè, òkúta ti wà lẹ́bàá ògiri, ẹní sì ti rin fún omi. Mo fa aṣọ ìbora mi dé ibẹ̀. Nígbà tó yá, èémí kẹta náà balẹ̀, ilé sì sùn.