Ta Ló Tú Okùn Tẹ́tí?

"Ta ló kọ́ ajá yìí?" Dókítà ajá béèrè, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Tẹ́tí nà gbalaja sórí tábìlì irin, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ọ̀tún wú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ kò gbó, kò sì gé ẹnikẹ́ni jẹ. Àbíkẹ́yìn ti sọ fún un pé, "Dúró jẹ́ẹ́," ó sì dúró jẹ́ẹ́ títí wọ́n fi ya àwòrán egungun rẹ̀ tán.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí ni," Bàbá Rọra dáhùn. "Oṣù méje gbáko ló fi kọ́ ọ."

Dókítà wá wo ọmọbìnrin náà tìyanutìyanu. "O káre. Tó bá jẹ́ ajá mìíràn ni, à bá ti fún un lábẹ́rẹ́ oorun ká tó lè fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn. Sùúrù rẹ ti bá wa dín wàhálà kù."

Àbíkẹ́yìn dorí kodò. Ìyìn náà ń ta á lára bí yèrèpè. Ohun kan wà tó mọ̀ tí Dókítà kò mọ̀, tí Bàbá Rọra fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Orúkọ yìí ti mọ́ ọn lára débi pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ni etí rẹ̀ ń di díẹ̀díẹ̀. Télọ̀ ni ìyá náà, òun nìkan ló ń gbé ní ìlú kan tó tó ìrìn wákàtí méjì nínú mọ́tò. Oníbàárà á kanlẹ̀kùn títí ọwọ́ á fi ro ó, á sì bínú padà sílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kẹ́tùlù ti jóná lórí iná.

Ìdí nìyí tí Àbíkẹ́yìn fi gba Tẹ́tí, tó sì ń kọ́ ọ lẹ́yìnkùlé wọn ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Tí ẹnìkan bá ti kanlẹ̀kùn, kí ajá náà fi imú kan orúnkún ìyá, kó sì mú un lọ síbẹ̀. Tó bá ṣe é dáadáa, ó gba ẹran bíńtín. Tó bá ṣì í ṣe, kò sí ariwo, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, àpò ẹran nìkan ni Tẹ́tí ń wò. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, kò sí ẹni tó lè fi èékánná kan ilẹ̀kùn wọn kí ajá náà má gbọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n gbéra láti mú un lọ fún Ìyá àgbà. Bàbá Rọra ló wà á lọ. Àbúrò ìyá Àbíkẹ́yìn ni, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé àwọn ọmọdé ni iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí pé "Rọra, rọra" ni ó máa ń wí ṣáá bí àwọn ọmọ bá ń wọkọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń wakọ̀, mọ́tò rẹ̀ kò ha ògiri rí.

Ó wọ okùn àyà fún Tẹ́tí, ó ki bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn bọ̀ ọ́, ó sì tì í pa.

"Ajá ò lọ́wọ́ tó máa fi di nǹkan mú," ó ní. "Tí mo bá tẹ bíréèkì, bẹ́líìtì yìí nìkan ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Má tú u o. Má sì ṣí wíńdò fún un, yanrìn lè kó sí i lójú."

"Mo ti gbọ́, sà."

Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n dúró kí ajá tọ̀, kó sì mu omi. Bàbá Rọra tún so ó padà fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni fóònù Àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó ti fi àwòrán Tẹ́tí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ajá lẹ gbé ni àbí ẹlẹ́wọ̀n?" ọ̀kan kọ.

"Jẹ́ kó yọrí síta ká rí bí atẹ́gùn á ṣe máa fẹ́ etí ẹ̀!" òmíràn kọ. "Àbí o ò tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Àbíkẹ́yìn wo ẹ̀yìn orí Bàbá Rọra. Ìṣẹ́jú kan péré, ó sọ fún ara rẹ̀. Ó tẹ bẹ́líìtì náà, ó tú. Ó ṣí wíńdò. Tẹ́tí yọrí síta, inú rẹ̀ dùn, etí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àbíkẹ́yìn ń ká fídíò, ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀.

Láìròtẹ́lẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ kan já sí títì láti ẹ̀gbẹ́. Bàbá Rọra tẹ bíréèkì. Kò kan oníkẹ̀kẹ́ náà rárá, ṣùgbọ́n Tẹ́tí fò gba àárín ìjókòó méjèèjì kọjá, ó sì lọ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá iwájú mọ́tò nínú. Igbe tó ké kò jọ ti ajá mọ́.

Nígbà tí Bàbá Rọra páàkì tán, bẹ́líìtì tó tú sílẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Àbí mi ò tì í dáadáa ni?" ó ń bi ara rẹ̀. "Mo rò pé mo gbọ́ tó dún."

Àyè ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àbíkẹ́yìn la ẹnu, ẹnu náà sì padà pa dé. Kò purọ́. Ó kàn dákẹ́ ni. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Dókítà, ó ti pa fídíò náà rẹ́.

Wọ́n fi Tẹ́tí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Dókítà, wọ́n lọ sílé Ìyá àgbà. Níwọ̀n bí etí ìyá kò ti gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, inú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí fún un. Bàbá Rọra kọ ọ́ pé: *Èmi ni, màmá. Mi ò so ó dáadáa.*

Ìyá kà á. "Ìwọ kẹ̀?" ó ní. "Ìwọ tó ń so ọmọ ọlọ́mọ láràárọ̀?"

Bàbá Rọra pa ìwé náà dé. Àbíkẹ́yìn gbé oúnjẹ tirẹ̀ padà sí ilé ìdáná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó bá Bàbá Rọra nínú mọ́tò níbi tó páàkì sí. Bàbá náà jókòó sẹ́yìn, ó ń ti bẹ́líìtì, ó ń tú u, ó ń fetí sí bó ṣe ń dún.

"Lọ́la ni màá dá kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì padà fún ọ̀gá ilé ìwé," ó ní. "Ọmọ méjìdínlógún ni mò ń so. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti ń gbàgbé, kò yẹ kó máa gbé ọmọ ẹni ẹlẹ́ni."

Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀ sẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́tò. "Ẹ má lọ, sà. Ọwọ́ yín ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo tú u. Mo fẹ́ ká fídíò."

Bàbá Rọra jọ̀wọ́ bẹ́líìtì náà.

"Nígbà tí mò ń bi ara mi léèrè lójú títì, o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, sà."

"Nígbà tí mò ń kọ ọ́ sínú ìwé màmá ńkọ́?"

"Mo wà níbẹ̀."

Ó jáde nínú mọ́tò, ó wọlé lọ, kò wẹ̀yìn. Ìbá ṣe pé ó gbá a létí, ì bá sàn fún un. Nígbà tó padà wá, ìwé télọ̀ àti báírò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ fún màmá."

Àbíkẹ́yìn kọ ọ́, omijé ń kán sórí ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà. Ìyá àgbà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀," ó ní. "O ní kí ajá dúró, ó dúró. Ìwọ tí wọ́n ní kó o má tú u ńkọ́? O kọ́ ajá tán, o ò tíì kọ́ ara rẹ."

Bàbá Rọra padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹsẹ̀ Tẹ́tí jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, àmọ́ ẹ̀rù mọ́tò ti bà á wọ egungun. Bó bá ti rí ilẹ̀kùn mọ́tò tó ṣí, á sá sábẹ́ tábìlì. Ni Àbíkẹ́yìn bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n kàn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ kan wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Tẹ́tí fò wọlé fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó sì na ọrùn kí wọ́n so òun. Àbíkẹ́yìn sọkún bí ọmọdé. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà.

Bàbá Rọra dárí jì í. Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì dá Àbíkẹ́yìn lójú pé òótọ́ ni. Síbẹ̀, bí wọ́n bá jọ ń rìnrìn àjò, ojú rẹ̀ kì í pẹ́ kúrò lára dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn. Àbíkẹ́yìn mọ ohun tó ń wò. Kò bínú, nítorí ó ti wá yé e pé dídákẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń ru ẹ̀bi ẹni, irọ́ ni, kódà bí ẹnu kò bá sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ajá fi tún gbẹ́kẹ̀ lé e. Ti ènìyàn máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.