Kọ̀ǹpútà Tó Yadi àti Ohùn Tí Bàbá Ń Gbọ́

Ta ni kò mọ ìdààmú kí èèyàn tẹ fídíò, kí àwòrán máa lọ, kí ẹnu máa mì, kí ohùn má sì jáde? Ohun tó dé bá aránṣọ kan nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú yàrá tó fi ń ránṣọ, níbi tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà láàárín máṣíìnì àti àpótí òwú.

Oṣù mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ti kú. Fídíò kan ṣoṣo ló kù tí ohùn ìyá wà nínú rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló sì wà, torí fóònù tí wọ́n fi yà á ti bọ́ sómi. Bàbá ló ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ìyàwó òun. Ọmọ ní kí òun kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná kí òun tó pè wọ́n.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá yọ nílé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò dún. Ó tún un tẹ̀. Kò dún.

Ilẹ̀kùn yàrá bàbá ṣí. Bàbá jáde, wọ́n ń wọ́ sálúbàtà lọ sílé ìdáná.

"Bàbá, kí lẹ ń wá?"

"Màmá yín ló ní kí n wá bá òun sọ omi kalẹ̀."

Orí aránṣọ wú. Sítóòfù tutù, kò sí ìkòkò kankan lórí rẹ̀.

"Bàbá, Màmá ò sí mọ́ o."

"Ṣé mi ò mọ̀ ni? Mo ní mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè mí."

Ó mú wọn padà sí yàrá wọn. Ìyá ti lọ, ṣé ọpọlọ bàbá náà ti fẹ́ tẹ̀ lé e ni? Ó rò ó pé bí bàbá bá gbọ́ ohùn gidi, ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹ̀rù yìí ló gbé e lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù kì í sì í gbani nímọ̀ràn rere.

Ojú ewé kan yọ sí i, ó pupa fòò: "Kọ̀ǹpútà rẹ kò ní ètò tó ń gbé ohùn jáde. Gba tiwa lọ́fẹ̀ẹ́." Ó gbà á. Ètò náà ní kó kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́ tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, kó sì tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ní òun fẹ́ bá yín tún òrùlé ṣe, tó wá ní kí ẹ kọ́kọ́ so ajá yín mọ́lẹ̀, kí ẹ sì kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún òun, ṣé ẹ óò gbà? Aránṣọ wa gbà.

Iná kékeré tó wà lára kámẹ́rà kọ̀ǹpútà tàn. Kì í ṣe òun ló tàn án. Àwọn fọ́tò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí orúkọ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń di ojú funfun. Fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ wà lára èyí tó kọ́kọ́ lọ. Ó fi aṣọ tó ń rán bo kámẹ́rà, ó figbe ta.

Ìyá Oníwáyà ló sáré gòkè wá. Òun ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ilé náà, wáyà kì í sì í wọ́n lọ́rùn rẹ̀. Kò tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó fa íńtánẹ́ẹ̀tì yọ, ó tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí kọ̀ǹpútà fi kú.

"Kí lo ń ṣe tó fi débí?"

"Kò dún, mo fẹ́ kó dún ni."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó bàjẹ́?"

"Ohùn màmá mi wà nínú ẹ̀, ẹ gbà mí, mi ò ní òmíràn!" Ó bú sẹ́kún.

"Rọra, má da omi sórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn nìkan ló kù tí o ò tíì ṣe." Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín.

Ó gbé e lọ sísàlẹ̀, ó yọ ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tó fi ń yẹ irú ẹ̀ wò. Ó lé ní wákàtí kan kó tó gbójú sókè. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè jókòó.

"Fọ́tò mẹ́tàlélógún ti lọ, mi ò lè gbà wọ́n padà. Jẹ́ ká wo fídíò ẹ." Ó tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá wọn! Ẹ wá bá mi sọ omi yìí kalẹ̀ o, ó ti hó!"

Aránṣọ di ilẹ̀kùn mú. "Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ nìyẹn! Wọ́n ní Màmá ló sọ ọ́ fún àwọn lónìí!"

Ìyá Oníwáyà yíjú sí i. "Kí ló wà létí Bàbá?"

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ràn. Ẹ̀gbọ́n mi ló rà á wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò ní wáyà. Wọ́n ní àwọn so ó pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí Bàbá lè máa gbọ́ ìròyìn láì dí mi lọ́wọ́..."

"Ó tán. Kọ̀ǹpútà ẹ ò yadi, ọmọ yìí. Etí Bàbá ló ń sọ̀rọ̀ sí. Àmì sípíkà tó wà ní igun ìsàlẹ̀ yẹn lo kàn máa tẹ̀, kó o mú sípíkà kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀."

Wọ́n jọ gòkè lọ ṣàlàyé fún bàbá. Aṣọ funfun bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ká a dáadáa, bàtà wọn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, níbo lẹ fẹ́ lọ?"

Bàbá fọwọ́ kan aṣọ náà. "Ẹ̀rù bà mí ni. Mo rò pé ó wá mú mi ni. Mo ní kí n má lọ bá a nídọ̀tí."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí kọ̀ǹpútà yín kò bá dún, ẹ má sáré. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti pa ohùn rẹ̀. Ẹ tẹ àmì sípíkà, kí ẹ wo ibi tí ohùn ń gbà lọ, torí ó lè jẹ́ ẹ̀rọ etí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Bí fídíò bá kọ̀ tí kò ṣí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà náà ni kí ẹ ti gba ètò, tàbí kí ẹ pe ẹni tí ẹ mọ̀. Ètò yòówù tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́, olè ni. Bó bá sì ti wọlé, ẹ fa íńtánẹ́ẹ̀tì yọ kíá, kí ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi kọ̀ǹpútà mìíràn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà yín.

Ohun tí ẹ kò bá fẹ́ pàdánù, ẹ dà á kọ síbi méjì, lónìí. Ohùn ìyá ti wà níbi mẹ́ta báyìí, bàbá sì ti dá aṣọ funfun padà sínú àpótí. Ṣùgbọ́n fọ́tò ìgbéyàwó wọn kò padà wá mọ́.