Físà Màmá Àjíbíkẹ́

Wọ́n ti ń so àpótí mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá nígbà tí Mùnírátù ṣí pásípọ́ọ̀tù Màmá Àjíbíkẹ́ wò. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni.

Òun ló bá Màmá Àjíbíkẹ́ kọ fọ́ọ̀mù. Ní ilé tí wọ́n háyà sí ní Mówe, ẹni tó bá gba lẹ́tà, Mùnírátù ló ń gbé e fún kó bá a kà á. Ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdírì, "Lọ́yà" sì ni wọ́n ń pè é.

Àjíbíkẹ́ ń dáná nínú ọkọ̀ òkun ńlá tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ìyá rẹ̀ kò rí i fún ọdún mẹ́rin. Àjíbíkẹ́ wá gba àyè fún un nínú ọkọ̀ náà, ọjọ́ mẹ́jọ: láti Sípéènì lọ sí Mòrókò, kí wọ́n tún padà sí Sípéènì. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi ìwé ìlànà olójú ewé mẹ́fà ránṣẹ́. Mùnírátù ka méjì, kò yé e dáadáa. Ojú tì í láti sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo ti kà á tán, Màmá."

Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìyókù. Ẹni tí yóò bá ọkọ̀ kúrò ní Sípéènì kó tún padà wọ ibẹ̀, físà ìwọlé ọ̀pọ̀ ìgbà ló gbọ́dọ̀ ní. Láìsí i, kò ní wọ ọkọ̀.

"Lọ́yà, kí lò ń wò?" Ògúnkànmí ni, wẹ́dà tó ń gbé yàrá iwájú. "Màmá, ẹ ṣọ́ra o, kí òyìnbó arúgbó kan má fi yín ṣaya!"

"Ẹnu ẹ á jóná bí irin ẹ!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mùnírátù la ẹnu. Ojú gbogbo ilé wà lára rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó kúnlẹ̀, ó sì fún Màmá ní pásípọ́ọ̀tù.

"Ọlọ́run á gbé ọ ga, ọmọ mi. Ìwọ lo jẹ́ ojú fún mi."

Ní ọjọ́ karùn-ún, Màmá padà dé.

"Wọn ò jẹ́ kí n wọ ọkọ̀. Àjíbíkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi lẹ́nu géètì èbúté. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Ó ní ká ní a pe òun kí n tó gbéra ni, òun ì bá gbé mi sí ìrìn tó tẹ̀lé e, èyí tí kò kúrò ní Sípéènì rárá. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ìyẹn ti kún."

"Àwọn ẹ́ńbásì ló fà á!" ni Ògúnkànmí wí. "Iṣẹ́ wọn nìyẹn!"

Àwọn tó kù ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó wo Mùnírátù. Ó lè dákẹ́. Ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni, Màmá. Èmi ni mo kọ ẹ̀ẹ̀kan sínú fọ́ọ̀mù. Mo sì ti mọ̀ kí ẹ tó lọ."

"O mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O wá jẹ́ kí n lọ."

Màmá kò bú u. Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mùnírátù wà lórí ìkúnlẹ̀ títí àwọn èèyàn fi túká. Ì bá sàn fún un kí wọ́n nà án.

Kí èèyàn sọ pé nǹkan kò yé òun, ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni. Kó rí àṣìṣe ara rẹ̀ kó sì dákẹ́, ẹlòmíràn ni yóò jìyà rẹ̀.

Oṣù mọ́kàndínlógún ló kù kí àdéhùn iṣẹ́ Àjíbíkẹ́ tó parí, kó tó lè wálé wá rí ìyá rẹ̀.