Nígbà Tí Wọ́n Yí Inú Gáùn Náà Síta

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, fara balẹ̀ díẹ̀. Bóyá aṣọ ọrùn rẹ dára ju tèmi lọ. Bóyá níbi tí o bá ti yọjú, ṣe ni wọ́n ń kí ọ kú ẹwà. Mi ò bá ọ du ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ẹni tí odidi gbọ̀ngàn dìde fún, tó sì jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ì bá kó wọnú rẹ̀ láì wẹ̀yìn.

Aránṣọ ni. Kì í ṣe aránṣọ kékeré o! Gíláàsì ni iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, iná sì máa ń tàn sára àwọn aṣọ tó pàtẹ síbẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá lè dúró wò. Máfọwọ́kàn-án ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kí ẹnikẹ́ni ṣáà na ìka sí aṣọ tó gbé kọ́, á ti pariwo, "Má fọwọ́ kàn án!" Ìbáà ṣe bàbá, ìbáà ṣe ìyá, kò mọ àgbà yàtọ̀.

Ìgbéraga rẹ̀ ga. Ó ní ohun kan tó máa ń sọ fáwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́: "Ẹ ṣáà jẹ́ kí ìta dán. Ta ló ráyè yẹ inú aṣọ wò?" Bí ìta aṣọ bá ti dán tán, yàrá ẹ̀yìn ló ń jù ú sí, kí àbúrò rẹ̀ obìnrin máa bá inú rẹ̀ yí. Àbúrò yìí ló ń ká ìṣẹ́tí, òun ló ń gé òwú tó so rọ̀, òun náà ló ń rán aṣọ abẹ́nú mọ́ ọn.

Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Máfọwọ́kàn-án ni àkọ́bí, àbúrò rẹ̀ yìí sì ni àbíkẹ́yìn.

Àbúrò ti gba Jésù. Ó máa ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sú òun. "Bọ̀dá mi," á ní, "ẹ jẹ́ kí Jésù wọ inú ayé yín."

"Ṣé òun ló máa bá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ni?" ni ẹ̀gbọ́n máa ń dáhùn. "Fi mí lọ́rùn sílẹ̀, jàre. Tó o bá dé ọ̀run, bá mi gba ṣọ́ọ̀bù ojú títì kan sílẹ̀." Á rẹ́rìn-ín, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ọkùnrin yìí lọ́kàn. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ máa ń ṣe ayẹyẹ kan, níbi tí wọ́n ti ń fún ẹni tó bá dá àrà tó dára jù ní ife ẹ̀yẹ, tí wọ́n sì ń dá àwọn àgbà iṣẹ́ náà lọ́lá. Ó ti gbé aṣọ lọ, ó gbé e lọ títí. Wọn ò yan tirẹ̀ mọ́ àwọn tó ń du ife náà rí. Ó ń jókòó sẹ́yìn, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíì, inú rẹ̀ sì ń ta á bí ẹni jẹ ata.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àbúrò rẹ̀ rán gáùn kan. Aṣọ tirẹ̀ ló rà, àyè tirẹ̀ ló fi rán an, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù bá parí. Aláwọ̀ aró ni, ó ká a níká-níká láti èjìká dé ìbàdí, ó wá tú u sílẹ̀ kó máa ṣàn dé ilẹ̀ bí omi. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Kó tó rí gáùn náà gbé lọ, oyún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà sì ní kò gbọ́dọ̀ dìde lórí ibùsùn.

Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo ni ín. Bí wọn ò tiẹ̀ yàn án, kí wọ́n ṣáà rí i."

"Ìyẹn náà lò ń bẹ̀ mí sí? Mo ti gbé e dé ibẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. Lóòótọ́ sì ni, kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn nígbà tó ń jáde nílé.

Ó dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Akọ̀wé tú gáùn náà sórí tábìlì, ó sì fò sókè. "Háà! Ọ̀gá! Ṣé ẹ̀yin lẹ rán eléyìí?"

Ọ̀rẹ́ mi, wo bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn gbàgà. Kò sẹ́ni tó ti ọkùnrin yìí. Ó wo ojú akọ̀wé tó ń wò ó tìyanutìyanu, ojú tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá, ó sì dáhùn pé, "Èmi ni."

Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á padà wá sọ òótọ́. Kò padà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó sọ fún akọ̀wé pé òun fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ díẹ̀ sí i, ó gbé e wọ yàrá kan níbẹ̀, ó tú àkọlé kékeré tí àbúrò rẹ̀ rán sí ọrùn aṣọ náà, ó sì rán tirẹ̀ dípò. Máfọwọ́kàn-án ló ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dá kankan fọwọ́ kan tirẹ̀.

Nígbà tí àwòrán gáùn náà jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n yàn, ó mọ̀ pé àbúrò òun á rí i. Ó to irọ́ jọ, ó lọ bá a. Ó fẹ́ sọ pé wọn ò gba ẹni tuntun lọ́dún yìí, pé ṣe lòun kàn yá a lórúkọ. Àbúrò rẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kó débẹ̀. Ó wò ó títí, omi lé ròrò sí i lójú, ó ní, "Ẹ kú oríire, bọ̀dá mi. Mo ṣì ń gbàdúrà fún yín." Ó sì yíjú sí ògiri.

Ì bá sàn fún un ká ní ó bú u. Ó jáde bí ajá tí wọ́n da omi lù, ṣùgbọ́n kò lọ sọ òótọ́ fún ẹgbẹ́. Ó lọ rán kóòtù tuntun tó máa wọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ ni.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún, ọ̀sán sì pọ́n dáadáa. Ìyá rẹ̀ jókòó ní ìlà iwájú, inú màmá ń dùn, kò mọ nǹkan kan. Wọ́n wọ aṣọ àwọn tí wọ́n yàn fún ọmọlangidi kọ̀ọ̀kan lórí pèpéle. Wọ́n pe orúkọ ẹni tó gba ife. Máfọwọ́kàn-án! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́ bó ṣe ń lọ.

Ẹgbẹ́ náà ní ìlànà kan. Wọn kì í gbé ife fún ẹnikẹ́ni àfi kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ rẹ̀ sórí tábìlì, kí wọ́n yí inú rẹ̀ síta lójú gbogbo èèyàn, kí àgbà adájọ́ sì yẹ ọwọ́ iṣẹ́ wò. Ẹ̀rù èyí ò ba ọ̀gá wa. Ó mọ̀ pé inú aṣọ tí àbúrò òun bá rán kì í ní àbùkù. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ò wo inú gáùn yìí rí. Ìgbà wo ló wo inú aṣọ rí?

Ìyá àgbà kan ni adájọ́, aránṣọ àtijọ́ tí wọ́n tún ń dá lọ́lá lọ́jọ́ náà. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìṣẹ́tí lọ, ó ń mi orí pé iṣẹ́ dára. Ó dé ibì kan, ó dúró.

"Ẹ dúró ná. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ nǹkan síbí. Òwú tó bá aṣọ mu gẹ́lẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́." Ó fa aṣọ náà sún mọ́ ojú, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, ó sì kà á síta: "Jésù, gba ẹ̀gbọ́n mi là."

Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Atọ́kùn ètò fọwọ́ lé àyà. "Ẹ ò rí ọkùnrin yìí bí! Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n yín wo lẹ ń gbàdúrà fún bẹ́ẹ̀?"

Òógùn bò ó. Ó wo aṣọ náà, ó rí ọ̀rọ̀ náà, ó sì mọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nítorí rẹ̀. Àyè wà láti sọ òótọ́. Ọlọ́run ló fún un láyè náà. Ṣùgbọ́n ahọ́n tó ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan mọ ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi kan ni," ó ní. "Ara ẹ̀ ò yá."

"Páà! Ẹ jẹ́ ká dìde," ni atọ́kùn wí, "ká fi ìṣẹ́jú kan bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀gbọ́n ọ̀gá wa."

Wọ́n sì dìde! Àwọn àgbà, àwọn tí wọ́n jọ du ife tí wọ́n pàdánù, gbogbo wọn di ojú, wọ́n ń gbàdúrà. Òun nìkan ló la ojú sílẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀, ó sì rí ẹnì kan ṣoṣo tí kò dìde. Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá tó bí i lákọ̀ọ́bí jókòó, ó tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni màmá fa ìborùn rẹ̀, ó sì fi bojú.

Ó gba ife. Ó rẹ́rìn-ín fún àwọn tó ń ya fọ́tò. Ẹ̀rín náà ń dùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́.

Lóde, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. "Màmá, ẹ wọlé ká máa lọ."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Mo ní, ta ni mo bí ṣáájú rẹ? Iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò rẹ nìyẹn, ojú mi ò fọ́. Máa lọ. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè jókòó tì ọ́." Ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ pẹ̀lú aṣọ iyì lára.

Ọkùnrin náà wakọ̀ lọ sílé àbúrò rẹ̀. Obìnrin náà ti bímọ, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ó ti gbé ife náà sílẹ̀ níta bí ẹni bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀.

"Wọ́n yí i síta," ó ní. "Wọ́n kà á. Kí ló dé tó o kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Aṣọ tí mo bá rán fúnra mi, mo máa ń fi àdúrà ẹnì kan sí ìṣẹ́tí ẹ̀," ni àbúrò dáhùn. "Ẹ̀yin ni mo fi sí eléyìí. Kí n tó gbé e lé yín lọ́wọ́ ni."

Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀. "Mo jí i. Mo purọ́. Mo ní ara ẹ̀gbọ́n mi ò yá, mo sì jẹ́ kí gbogbo gbọ̀ngàn dìde gbàdúrà irọ́."

"Àdúrà wọn kì í ṣe irọ́ o, bọ̀dá mi. Ẹ ní ara ẹ̀gbọ́n ọ̀hún ò yá. Ṣé ó yá ni?"

Ẹkún ló fi dáhùn. Háà, ó sunkún! Gbogbo ayé rẹ̀ ló ń kọjá lójú rẹ̀: ìta tó ń dán, inú tí kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yẹ̀ wò.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi," ni àbúrò wí. "Jésù ti rí inú yín tipẹ́, kó tó kú fún yín. Bó ṣe rí yẹn náà ló fi fẹ́ yín. Ẹ ṣáà má bò ó mọ́."

Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀. "Jésù," ó ní, "ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń bẹ̀ ọ́ fún, èmi ni. Olè náà, èmi ni. Gbà mí."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó gba ẹ̀yẹ padà sí gbọ̀ngàn láti ya fọ́tò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Àwọn kan pòṣé. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wolẹ̀. Máfọwọ́kàn-án bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé ife fún àbúrò òun, wọ́n kọ̀. Òfin wọn ni pé aṣọ tó bá fi orúkọ èké wọlé, kò sẹ́ni tó lè gba ẹ̀yẹ lórí rẹ̀. Wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Èyí dùn ún ju èébú lọ, torí ẹ̀bi òun ló gba oríire lọ́wọ́ ọmọ ìyá òun.

Ó lọ sọ fún un. Àbúrò rẹ̀ nu ojú. "Ó dùn mí, mi ò ní parọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ife ni mo kọ sí ìṣẹ́tí gáùn yẹn. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́."

Ìyá wọn wà níbẹ̀, ó gbé ọmọ tuntun náà dání, ó sì nà án sí ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n sún sẹ́yìn. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Gbà," ni màmá wí. "Fọwọ́ kàn án."

Àwọn oníbàárà kan ti fi í sílẹ̀. Àwọn aláwàdà àdúgbò ń pè é ní Mo-ti-fọwọ́-kàn-án. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló wà lára ṣọ́ọ̀bù náà báyìí, ẹ̀gbọ́n ló sì jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, tó ń ká ìṣẹ́tí. Ojú ṣì máa ń tì í tó bá kọjá níwájú gbọ̀ngàn náà. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́, ó sì mọ ẹni tó fọ̀ ọ́.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Mo mọ̀ pé ìta rẹ dán. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Adájọ́ kan á tẹ́ ayé rẹ sílẹ̀ lójú gbogbo ẹ̀dá, á sì yí inú rẹ̀ síta. Kí ni wọ́n máa kà síta níbẹ̀? Ọjọ́ náà, kò ní sí àbúrò tí wàá sá lọ bá.

Ṣùgbọ́n lónìí, Adájọ́ náà ṣì ni Olùgbàlà. Bóyá ìyá rẹ, bóyá aya rẹ, bóyá àbúrò tí o fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ti ń fi omijé kọ orúkọ rẹ síwájú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Jésù ń béèrè báyìí pé ta ni ẹlẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n ń bẹ òun nítorí rẹ̀ yìí. Má tọ́ka sí ẹlòmíì. Má sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ kan ni. Kó o tó fi ìwé yìí sílẹ̀, kúnlẹ̀ níbi tó o wà, kó o sì dá a lóhùn: "Jésù, èmi ni."