Bàtà Baba Abelino

Bàtà ọkùnrin ni Eriberto kọ́kọ́ rí, tó ń mì dirodiro lẹ́yìn màlúù nínú ìkùukùu òwúrọ̀, kó tó rí ọmọbìnrin tó di orí ẹran náà mú. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Òtútù orí òkè ti mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, omi sì ti lé ròrò sí i lójú.

"Dókítà ẹran, ṣé ẹ̀rín lẹ wá rín ni?"

"Má bínú, jọ̀ọ́. Bàtà ta ni?"

"Ti bàbá mi. Èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Paloma, màlúù náà, ti bímọ láti ìjẹta, ibi ọmọ kò jáde. Baba Abelino, bàbá ọmọbìnrin náà, so bàtà mọ́ ọn kó lè fà á wálẹ̀, bí bàbá tirẹ̀ náà ti máa ń ṣe.

Eriberto gé okùn náà, ó ju bàtà náà sínú àpò rẹ̀. Kò fa ibi ọmọ ọ̀hún, kí ilé ọmọ má baà ya. Oògùn ló fi sínú rẹ̀, ó ní ibi ọmọ náà á fúnra rẹ̀ jáde. Zoila, ọmọbìnrin náà, ń fọwọ́ pa ẹran náà lórí, ó ń kì í wúyẹ́wúyẹ́:

"Paloma, abara funfun bí yìnyín orí òkè, olómi wàrà tí ń bọ́ ilé, ìwọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ kí n má baà dá wà. Olúwa ò ní jẹ́ kí o yàgàn."

Ọkàn Eriberto rọ̀ bí òrí tó rí oòrùn.

Baba Abelino káwọ́ gbera. "Dókítà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí màlúù yìí ò bá lóyún mọ́, alápatà ni mo máa tà á fún, Zoila á sì lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní ìlú Quito."

Ibi ọmọ náà jáde pẹ̀lú ọyún, Eriberto sì ń wá fọ ilé ọmọ náà. Nígbà tó yá, ó ń wá láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ pè é.

"Ara Paloma ti le. Kí lẹ tún wá wò?" ni Zoila bi í.

"Ẹni tó di orí rẹ̀ mú ni."

"Ẹ máa wò ó láti òkèèrè o."

Nígbà tí Paloma wá akọ, Eriberto fi irúgbìn akọ sí i nínú. Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Ó ti ọwọ́ bọ inú ẹran náà, ó wá a títí. Kò sí nǹkan kan. Zoila ń wò ó. Tó bá pa irọ́ kékeré kan péré, Zoila ò ní lọ.

"Òfìfo ni, Baba. Kò lóyún."

"Jáde nílé mi!"

Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ ni ọ̀kadà Eriberto ń dẹ ìrìn lẹ́nu ọ̀nà, á wá kọjá. Ọwọ́ Zoila á dúró lórí ọmú màlúù títí ìró náà á fi kú sí ìsàlẹ̀ òkè. Á wá gbàdúrà pé, "Ọlọ́run tí ń ṣí inú, ṣí inú Paloma. Ṣí inú bàbá mi pẹ̀lú."

Kí Baba tó pe alápatà, ó mú akọ màlúù aládùúgbò wá gun Paloma. Oṣù ń gorí oṣù. Zoila ti di ẹrù rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìró ọ̀kadà ò kọjá mọ́. Baba Abelino fúnra rẹ̀ ló dúró sáàárín títì dá a dúró.

"Wọlé wá wò ó. Tó bá ṣófo, sọ fún mi. O ì bá ti parọ́ fún mi lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n o ò parọ́. Ìwọ ni mo máa gbà gbọ́."

Eriberto ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó dijú. Zoila di orí Paloma mú.

"Ó wà níbẹ̀," ni Eriberto wí. "Ó ti lóyún!"

"Akọ màlúù aládùúgbò mi ló ṣe é o, kì í ṣe ìwọ," ni Baba wí.

"Ilé tí Dókítà ti bá a tún ṣe ló bá, bàbá mi," ni Zoila fèsì.

Ó tú òwú pupa orí irun rẹ̀, ó so ó mọ́ ìwo Paloma nítorí ojú burúkú. Ó wá já ìyókù, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ Eriberto.

"Ṣé kí ojú burúkú má baà rí mi ni?"

"Rárá o. Kí ẹ má baà kọjá mọ́ ni."

Baba Abelino wúkọ́. "Dókítà, bàtà mi ńkọ́?"

"Ó wà nílé mi, Baba. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti kùn ún. Ẹ̀rù yín ni kò jẹ́ kí n dá a padà."

"Lọ gbé e wá. Mi ò lè fi bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo mú ọmọ mi lọ síwájú pẹpẹ."