Ẹ̀fọ́ Wo Ni Dókítà Ń Wí?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní Bódìjà, Màmá Ògúnlẹ́yẹ dúró nínú kíṣìnnì, wọ́n ń rẹ́ àlùbọ́sà ńlá kan wẹ́wẹ́. Omi ń bọ́ lójú wọn, orin ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lẹ́nu wọn. Ṣọkọ̀ ti wà nínú ajere, epo ti yọ́ nínú ìkòkò kékeré, irú sì ti ń ta sánsán. Kì í ṣe ọkọ wọn ni wọ́n ń dáná fún. Ajá ni.

Ẹni tó bá mọ Màmá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn á ní irọ́ ni mò ń pa. Nígbà tí ọkọ wọn, Bàbá Ògúnlẹ́yẹ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ọmọ ajá wọlé, ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ kò pọ̀. "Bàbá Òkìkí, ẹ̀yin lẹ gbé e wá, ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú ẹ. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbọdọ̀ tẹ kíṣìnnì mi." Òkìkíọlá ni orúkọ àkọ́bí wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Orúkọ rẹ̀ ni tọkọtaya náà fi ń pe ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló yí Màmá lọ́kàn padà. Nínú ọyẹ́ ọdún tó kọjá, Bàbá yọ̀ ṣubú lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá táǹkì omi, wọn ò sì lè dìde. Màmá wà ní pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń ké. Ajá wá ń gbó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn. Màmá ju sálúbàtà lù ú, kò lọ. Wọ́n ju ìkejì, kò lọ. Ìgbà tí sálúbàtà tán lẹ́sẹ̀ wọn ni wọ́n tó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ yẹn ni ajá ti di ọmọ nílé Ògúnlẹ́yẹ. Òun náà ni Bàbá ń mú rìn yípo àdúgbò láràárọ̀, nítorí dókítà ti ní kí wọ́n máa rìn dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lè wálẹ̀.

Abéèrè ni orúkọ ajá náà, orúkọ ọ̀hún kì í sì í ṣe lásán. Àwa Yorùbá mọ bí a ṣe ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Ẹnjiníà Oyèbọ́lá, tó jẹ́ pé ògiri kan ló pààlà ilé rẹ̀ àti tiwọn, ló gé ẹ̀ka igi máńgòrò Bàbá tó yà sínú ọgbà rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Bàbá gbé ọmọ ajá dé. Láràárọ̀ ni wọ́n á dúró lẹ́bàá ògiri, wọ́n á gbóhùn sókè: "Abéèrè, máa bọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà." Ẹnjiníà kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ lára. Odidi ọdún mẹ́ta ni àwọn àgbàlagbà méjèèjì ò fi kí ara wọn.

Wàyí o, báwo ni ajá ṣe di ẹni tí wọ́n ń se ẹ̀fọ́ fún? Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Bàbá mú Abéèrè lọ gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi ní Ring Road, lọ́dọ̀ Dókítà Zùwáírátù Sàlàkọ́. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ó sì ti ń tọ́jú Abéèrè láti kékeré. Ó gbé ajá sórí òṣùwọ̀n, ó sì wo Bàbá.

"Bàbá, ajá yín ti sanra jù. Kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Oúnjẹ rẹ̀ náà ni. Àti bisikíìtì díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi mélòó?"

Bàbá gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà.

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ dín bisikíìtì kù, sà. Tí ẹ bá fẹ́ fún un ní ìpanu, ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì dára." Fóònù rẹ̀ dún níbẹ̀, ẹlòmíràn sì ti gbé ológbò wọlé. Bàbá ní ó ti yé àwọn. Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì sọ fún ọmọ iléèwé pé kí wọ́n nawọ́ sókè bí nǹkan ò bá yé wọn, òun fúnra rẹ̀ kò nawọ́.

Wọ́n délé, wọ́n ní, "Ìyá Òkìkí, dókítà ní ká máa fún Abéèrè ní ẹ̀fọ́."

"Ẹ̀fọ́ kẹ̀?" Inú Màmá dùn. "Ẹ jẹ́ kó wá jẹ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n sè."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ gan-an nìyẹn. Lédè wa, èyí tí wọ́n dì lórí àtẹ ní ọjà Bódìjà, ẹ̀fọ́ ni. Èyí tó wà nínú ìkòkò pẹ̀lú epo, irú, edé àti àlùbọ́sà, ẹ̀fọ́ náà ni. Orí àtẹ ni dókítà ń wò nígbà tó sọ̀rọ̀, inú ìkòkò ni Màmá ń wò nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Kò sì sí ẹni tó bi ẹnì kejì pé ẹ̀fọ́ wo.

Màmá tiẹ̀ ro ti ajá. Wọ́n ní ata lè ta á lẹ́nu, wọ́n bá yọ ata kúrò pátápátá. Kí ọbẹ̀ má bàa tẹ́, wọ́n fi àlùbọ́sà kún un. Ẹyọ ńlá kan lójúmọ́ fún odindi ọjọ́ mẹ́fà, Abéèrè sì ń lá abọ́ mọ́ tónítóní. Ọjọ́ Ajé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yìí ló ṣìkeje.

Màmá gbé abọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n pe Abéèrè. Kò dìde. Ó gbóòórùn ọbẹ̀, ó sì tún gbé orí lélẹ̀. Láti àná ló ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti ní ooru ni. Bàbá fi okùn sí i lọ́rùn, bóyá ìrìn á mú ara rẹ̀ yá. Ẹnu géètì ló ti tọ̀, àwọ̀ ìtọ̀ náà sì pọ́n dúdú bíi sóbò. Bàbá dúró wò ó títí.

"Ìyá Òkìkí, ẹ mú ìborùn. A ń lọ."

Awakọ̀ takisí Máíkírà àkọ́kọ́ ní òun ò gbé ajá. Èkejì ní òun á gbé e tí wọ́n bá tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Màmá bọ́ ìborùn wọn tẹ́ sórí àga, ìborùn tí wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn fọwọ́ kàn.

Dókítà Sàlàkọ́ ká ètè Abéèrè sókè. Èrìgì tó yẹ kó pọ́n ti funfun bí ẹ̀kọ. "Kí ló jẹ lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ẹ̀fọ́ tí ẹ ní ká máa fún un náà ni," Bàbá dáhùn.

"Ẹ̀fọ́ báwo?"

Màmá ló gbà á sọ, pẹ̀lú ìdùnnú ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ṣọkọ̀ ni mo fi ń sè é. Epo díẹ̀, irú, edé. Mi ò fi ata sí i rárá, àlùbọ́sà ni mo fi rọ́pò ẹ̀."

Dókítà gbójú sókè kúrò lára ajá. "Àlùbọ́sà mélòó, Màmá?"

"Ẹyọ ńlá kan lójúmọ́."

"Màmá, ẹ jókòó." Ó fa àga sún mọ́ wọn. "Nǹkan kan wà nínú àlùbọ́sà tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ajá. Kì í pa àwa èèyàn lára, ṣùgbọ́n ara ajá ò lè gbà á. Ẹ sè é o, ẹ lọ̀ ọ́ o, ẹ sá a gbẹ o, bákan náà ni. Áyù tún le jù ú lọ. Kì í sì í hàn lójú ẹsẹ̀, ó máa ń tó bí ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn. Ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ yẹn lẹ rí nínú ìtọ̀ rẹ̀."

Màmá wo ọwọ́ wọn. "Ọwọ́ mi ni," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ tí mo fi ń kẹ́ ẹ náà ni."

"Èmi náà jẹ̀bi, Màmá. Mo sọ ẹ̀fọ́, mi ò sọ irú èyí. Ìyẹn á dúró ná. Ẹ̀jẹ̀ tó kù lára rẹ̀ ò pọ̀, a ní láti fa ẹ̀jẹ̀ ajá mìíràn sí i lára lónìí. Mo nílò ajá tó tóbi, tí ara rẹ̀ dá, tó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó ní irú ẹ̀?"

Tọkọtaya náà wo ara wọn. Bíńgò, ajá Ẹnjiníà Oyèbọ́lá, tóbi bí ewúrẹ́ ọlọ́mọ méjì.

"A ò mọ ẹnì kankan," Bàbá wí.

"Bàbá Òkìkí."

"Mo ti sọ̀rọ̀."

"Ajá tó gbó títí mo fi bá yín nílẹ̀," Màmá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ṣé nítorí ẹ̀ka máńgòrò ló fi máa kú?"

Abéèrè dùbúlẹ̀ lórí ìborùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá dé fìlà wọn, wọ́n jáde, wọ́n wọ takisí padà sí Bódìjà.

Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì. Ó rí Bàbá, ó sì dúró. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, nítorí àgbà ni àgbà ń jẹ́, ṣùgbọ́n kò yà lọ́nà fún wọn.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ẹnjiníà, ajá mi ń kú lọ," Bàbá wí. "Ẹ̀jẹ̀ ni dókítà ń wá. Mo wá... mo wá béèrè bóyá ẹ lè mú Bíńgò wá bá wa."

Ẹnjiníà di géètì mú. "Kí lorúkọ ajá yín, sà?"

Bàbá mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n wo ilẹ̀, ojú tì wọ́n gidigidi. "Abéèrè ni."

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́ ọ láti orí ògiri. Mo kàn fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ fún mi lójúkojú ni." Ó yísẹ̀ padà, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó sì fẹnu súfèé pe Bíńgò. Ìgbà tí wọ́n dé Mọ́kọ́lá ló tó tún sọ̀rọ̀. "Ó yẹ kí n béèrè kí n tó gé igi yẹn, sà. Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà. Tí mo bá fẹ́ wá bẹ̀ yín, màá tún gbọ́ orúkọ ajá, inú á sì bí mi."

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá méjèèjì wò, ó ní ó bára mu. Bíńgò gbé orí lé itan olówó rẹ̀, ó sì fara balẹ̀ títí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀ sí Abéèrè lára. Nígbà tí oòrùn fi máa yẹ̀, Abéèrè mi ìrù lẹ́ẹ̀kan péré. Màmá sunkún lójú gbogbo wọn, wọn ò sì fi ìborùn bojú, nítorí ìborùn wà lábẹ́ ajá.

Kò sàn lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ márùn-ún ló lò lọ́dọ̀ dókítà, oṣù kan sì kọjá kí ó tó lè bá Bàbá rìn yípo àdúgbò. Bàbá dá nìkan rìn ní gbogbo oṣù yẹn. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn: ká ní wọ́n dúró di ọjọ́ kejì, òkú ajá ni wọn ì bá gbé wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gbà á, Màmá mú ìwé àti bírò dání.

"Kárọ́ọ̀tì ńkọ́?"

"Ó dára. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e kéékèèké kó má bàa há a lọ́fun. Tútù tàbí bíbọ̀."

"Kùkúḿbà?"

"Ó dára, pàápàá nígbà ooru. Gíríìnì bíìnsì tí ẹ ń fi sí ìrẹsì náà dára, ẹ bọ̀ ọ́."

"Elégédé? Ọ̀dùnkún?"

"Ẹ bó èèpo, ẹ bọ̀ wọ́n lómi lásán, kó rọ̀. Kí ọ̀dùnkún má pọ̀, ó ń mú un sanra."

"Ṣọkọ̀ tèmi yẹn ńkọ́?"

"Ìwọ̀nba, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bíbọ̀ lásán. Kò ní sí epo, irú, iyọ̀, èlò ọbẹ̀ kankan."

"Kò lè dùn báyẹn."

"Abéèrè ò mọ̀ pé kò dùn, Màmá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. "Ìpanu sì ni o, kì í ṣe oúnjẹ. Tí ẹ bá pín oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sọ́nà mẹ́wàá, ìpanu ò gbọdọ̀ ju ìdá kan lọ. Ohun tuntun, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ṣọ́ inú rẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àlùbọ́sà, áyù, èso àjàrà tútù tàbí gbígbẹ, àti ṣokoléètì, kó má dé ẹnu rẹ̀ láéláé."

"Ọbẹ̀ àjẹkù ńkọ́?" Bàbá béèrè. Ọwọ́ wọn wà lókè bíi ti ọmọ iléèwé.

"Ṣé àlùbọ́sà wà nínú ọbẹ̀ yín, sà?"

"Ó wà."

"Ẹ ti dá ara yín lóhùn."

Ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn náà, Màmá dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú abọ́ kárọ́ọ̀tì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Abéèrè ti jẹ tirẹ̀. Bíńgò na ọrùn láti òdìkejì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Màmá mú ẹyọ kan, wọ́n nawọ́, wọ́n sì tún fà á padà.

"Ẹnjiníà," ni wọ́n pè. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fún Bíńgò ní kárọ́ọ̀tì? Tútù ni. Mi ò fi nǹkan kan sí i."

"Ẹ fún un, Màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá nílé, ẹ gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò kórìíra rẹ̀. Màmá Ògúnlẹ́yẹ náà ò kórìíra tiwọn, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń rẹ́ àlùbọ́sà. Kí ẹ tó da ọbẹ̀ àná sínú abọ́ ajá lónìí, ẹ wo ohun tí wọ́n fi sè é. Bí ó bá ti jẹ àlùbọ́sà, ẹ má dúró de ìgbà tí ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Bí dókítà bá sì sọ̀rọ̀ tí kò yé yín tán, ẹ má kàn mi orí bí ẹni pé ó yé yín. Ajá ò lẹ́nu tí á fi béèrè ohun tó wà nínú abọ́ rẹ̀. Ẹ bá a béèrè.