Ìbúra tí Suhaib Bú

Nígbà tí Rodiyah kọ́kọ́ rí Suhaib, ńṣe ló ń bá aago fóònù rẹ̀ jà. Aago ń dún kíkankíkan nínú yàrá ìkàwé kan ní Challenge, ní Ìlọrin, gbogbo ojú ti yí sọ́dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó fi ọwọ́ òsì bo fóònù mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé lọ ràì, àfi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aago ti dún. Ẹ gbé bírò sílẹ̀," ni Rodiyah wí.

"Ó ku díẹ̀ kí n parí ẹ̀."

"Ní gbọ̀ngán ìdánwò, ta ló máa dúró de díẹ̀ yẹn?"

Suhaib gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Rodiyah gbàgbé ìwé tó wá yá.

Ìdánwò àkítúárì ni Suhaib ń kàwé sí, ìdánwò àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò ṣírò ewu àti iye ọdún tí ẹ̀dá lè lò láyé. Rodiyah ti yege nínú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Suhaib ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì.

Bí Rodiyah ṣe di olùkọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ilé kéwú ni Suhaib. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti há Kùránì sórí, ló bá rò pé bẹ́ẹ̀ náà lòun ṣe máa há ìdáhùn sórí. Tí wọ́n bá wá yí ìbéèrè padà díẹ̀ báyìí, á sọnù. Rodiyah gba ìwé ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

"Ìbéèrè àtijọ́ àti tákàdá òfìfo nìkan," ló wí. "Máàkì kan, ìṣẹ́jú méjì. Tí àkókò rẹ̀ bá ti pé, fi í sílẹ̀, bọ́ sórí òmíràn. Kọ ọ̀nà tó o gbà, kódà tí ìdáhùn ò bá jáde. Wọ́n ń fún ọ̀nà náà ní máàkì. Èyí tó o bá ṣì, tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta láìwo ibì kankan."

"Olùkọ́, ṣé mo lè wo ojú olùkọ́?"

"Máàkì mélòó nìyẹn?"

"Gbogbo ọgọ́rùn-ún."

Nígbà tí ìfẹ́ wọn di ohun tí gbogbo ilé mọ̀, Alhaji Àbdùlsàlámì, bàbá Rodiyah, pe Suhaib sílé wọn ní Adéwọlé, ó bi í pé ìgbà wo làwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀. Ojú ti Suhaib. Ṣé ìyàwó ni yóò máa ju òun lọ níwèé?

"Wallahi, Alhaji, n ò ní rán ẹnikẹ́ni wá títí n ó fi yege."

"Ọkùnrin nìyẹn!" ni Alhaji wí.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Rodiyah tó ń gbé omi àlejò bọ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò lè wọlé mọ́.

Suhaib ní òun ò ní máa wá mọ́, kí ọkàn òun lè wà lójú kan. Ó ṣe ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó fi máàkì mẹ́ta pàdánù. Ìbéèrè kan ló kọ̀ tí kò fi sílẹ̀ fún odindi wákàtí kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ohun tó kù fún Rodiyah ni àwòrán tákàdá ìdáhùn tí Suhaib ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Á máàkì í, á dá a padà. Ẹ má bi mí ohun tó ń wá létí tákàdá, nígbà tó jẹ́ nọ́ńbà ló kún ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá, kò rí i. Lọ́jọ́ kan ó rí àbàwọ́n tíì, ó jókòó, ó ń ronú ẹni tó ń po tíì fún un. Bí máàkì Suhaib ṣe ń gòkè ni ẹ̀rù ń ba Rodiyah: ó kù díẹ̀ kó má nílò òun mọ́. Àárò rẹ̀ sọ ọ́ gidigidi.

Suhaib ṣe ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹrin nínú oṣù Kẹsàn-án. Àbájáde di oṣù Kejìlá. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ìdánwò náà, kò sí tákàdá kankan láti máàkì. Rodiyah mú bírò lọ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ro ó.

Ìgbà náà ni Kàdíját, àbúrò rẹ̀, ti ọjà Ipata dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí Bọ̀dá Suhaib. Wọ́n ń bu ìrẹsì fún àwọn aláìní lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Mo ka àwọn tó ń gbà á, mẹ́wàá géérégé."

"Mẹ́wàá?"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ìlọrin? Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìbúra rẹ̀, aláìní mẹ́wàá ni yóò bọ́. Kàfárà nìyẹn. Rodiyah bú sẹ́kún, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Suhaib dé tòun ti bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ méjì. Alhaji wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ṣé àbájáde ti jáde ni?"

"Rárá, Alhaji. Mo ti ṣe kàfárà ìbúra mi." Suhaib lóṣòó. "Nígbà tí mo jáde nínú gbọ̀ngán ìdánwò, inú mi dùn, mi ò sì rí ẹni tí mo fẹ́ sọ fún àfi Rodiyah. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, òun náà ni mo máa fẹ́ sọ fún. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìgbéraga ló mú mi búra."

Alhaji yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Rodiyah, ọkùnrin yìí ò tíì yege o."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Rodiyah wí. "Ẹ bá wa mú ọjọ́. Kó ṣáájú àbájáde."